Ẹni Tí Wọ́n Máa Bá Nílé

Okùn tó so àwọn kọ́kọ́rọ́ pọ̀ já mọ́ Akínwándé lọ́wọ́, wọ́n sì fọ́n ká ilẹ̀ yàrá rẹ̀ woroworo. Ọ̀kan yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan bọ́ sínú bàtà. Ọkùnrin tó ti múra Ìbàdàn láti kùtùkùtù, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù, tó ti gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, òun ló wá dorí kodò tó ń ṣa kọ́kọ́rọ́ ilé onílé.

"Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?" ó bi wọ́n.

Ó wá okùn mìíràn, ó so wọ́n padà.

Abúlé kékeré ni Òkè-Àpáta, ó yà kúrò lójú títì láàárín Fìdítì àti Ilora, ṣùgbọ́n nígbà tí kúárì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ò lè rí yàrá háyà níbẹ̀ bẹ́ ẹ sunkún. Awakọ̀ tírélà ń sùn sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn olóúnjẹ ń bá ara wọn jà nítorí oníbàárà. Tí wọ́n bá ti fẹ́ fọ́ àpáta lọ́sàn-án, tọmọdé tàgbà á di abọ́ oúnjẹ wọn mú kí ọbẹ̀ má baà dà nù, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì ní òkúta tó kù ti jìn jù nísàlẹ̀, epo dísù tí àwọn fi ń wá a sì ti wọ́n jù. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọn sórí tírélà, wọ́n juwọ́, wọ́n lọ. Ihò ńlá ló kù. Omi òjò kún un, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì jogún ibẹ̀. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọfẹ́. Àńjọfẹ́ kú, a ò rẹ́nì kan mọ́.

Àwọn èèyàn náà ò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé kan ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, òmíràn gba Ìbàdàn lọ, àwọn kan fò títí wọ́n fi dé Èkó. Ẹni tó bá sì ń lọ, ọ̀dọ̀ Akínwándé ló máa gbà kọjá. Òun ló ń di ẹ̀rọ ìlukúta mú tẹ́lẹ̀, ó sì kọ́kọ́ dúró nítorí ó gbà pé kọ́ńpìnnì ń padà bọ̀. "Bá mi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yìí," ni wọ́n máa wí, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, wọ́n á wá ṣàdúrà: "Ọlọ́run á jẹ́ ká bá ọ nílé láyọ̀ o." Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tí wọ́n tún kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, máa sọ sí àdúrà? "Àmín" náà ni. Ta ló ń kọ àdúrà láyé yìí? Nígbà tí Akínwándé máa fi mọ̀ pé kọ́ńpìnnì ò padà wá mọ́, kọ́kọ́rọ́ ti kún ìdí ṣòkòtò rẹ̀.

Olúwakẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, ti mú Olúwatóyọ̀sí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, lọ sí Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá. Tíṣà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ lábúlé tì nígbà tí ọmọ tán níbẹ̀. Ohun kan tó ń tu Akínwándé nínú ni pé nínú gbogbo ẹni tó lọ, Olúwakẹ́mi nìkan ni kò gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Obìnrin tó bá mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ dání ṣì ń bọ̀ wálé, ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn kó tó sùn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olúwakẹ́mi ti bá a wá iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Lákọ̀ọ́kọ́, atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé ẹnì kan lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ, onílé sì pè é láti Èkó, ó ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan ń bọ̀ wá kó ẹrù, kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Èyí ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọ̀gá kan ní kúárì tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìlukúta. Ó ní òun fẹ́ rí i lójúkojú lónìí Sátidé, kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́, torí ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ipò náà.

"Dádì Tóyọ̀sí," ni Olúwakẹ́mi wí lórí fóònù láàárọ̀, "tẹ́ ẹ bá wá lónìí, a ó jọ jẹun alẹ́. Tẹ́ ò bá wá, mi ò ní bá yín wáṣẹ́ mọ́. Mi ò jà o."

Kò jà lóòótọ́. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn gan-an ló já Akínwándé láyà.

Ó gbé àwọn kọ́kọ́rọ́ náà, ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Àbọ̀dé, mẹkáníìkì ọ̀kadà, ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù lábúlé tí orúnkún rẹ̀ ṣì le. Ó ti pinnu ohun tó máa sọ: Àbọ̀dé, àbúrò mi, ó kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló bá lẹ́nu ọ̀nà Àbọ̀dé, bẹ́ẹ̀dì àti àpótí irinṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀.

"Bọ̀dá Akin! Ẹsẹ̀ yín re. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ gbà kọjá."

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilora ni. Ọ̀kadà ta ni kí n tún ṣe níbí, Bọ̀dá? Tèmi nìkan ló kù, kò sì bàjẹ́."

Akínwándé na ìdì kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ilora ò jìnnà. Bá mi mú àwọn yìí dání."

Àbọ̀dé fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. "Háà! Bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ṣàdúrà fún, wọn ò ṣe é fún mi." Ó bọ ọwọ́ sápò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi eléyìí mọ́ ọn. Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín nílé láyọ̀."

"Àmín," ni Akínwándé wí. Ọkọ̀ náà ti ń lọ kó tó rántí pé òun wá kó kọ́kọ́rọ́ fúnni ni.

Ó ku Pásítọ̀ Obadiah ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Akínwándé rò ó pé èèyàn Ọlọ́run ò lè sá fún ẹrù, àbí? Ó bá pásítọ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn ńlá. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Akínwándé nìkan ló jókòó nínú ìjọ náà. Òun ló dá orin, òun ló gbé àwo ọrẹ, òun náà ló fowó sí i. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò dìde, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Akínwándé, mo fẹ́ wá bá yín ni," ni pásítọ̀ wí. Ojú ń tì í. "Wọ́n ti gbé mi lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn. Wọ́n ní kí ìjọ tibí máa lọ jọ́sìn ní Fìdítì."

"Ìjọ tibí? Èmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ni." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́, ó sì ti gbé ọwọ́ kejì lé e lórí kí Akínwándé tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí àdúrà pásítọ̀ ṣe ń rí, kì í tètè tán. Ó ní ẹsẹ̀ Akínwándé ò ní yẹ̀. Akínwándé ní Àmín. Ó ní ibi tí Ọlọ́run fìdí rẹ̀ kalẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò ní lè ṣí i nídìí kúrò níbẹ̀. Akínwándé ní Àmín. Ó ní yóò dúró gbọin bí àpáta. Níbẹ̀, ọkàn Akínwándé kọ́kọ́ fò, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dúró de ọkàn. "Àmín, pásítọ̀, ẹ ṣeun."

Ìgbà tó ń padà sílé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó bínú sí pásítọ̀, ó bínú sí Àbọ̀dé, ó wá bínú sí ẹnu ara rẹ̀. Oòrùn ti ga. Ilé tó ń kọjá lọ́tùn-ún ti tì, èyí tó wà lósì ti tì, gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọn sì ń dún nídìí rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀.

"Akin, mo gbọ́ ìró rẹ," ni ohùn kan wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo rò pé o ti dé Ìbàdàn."

Ìyá Àlàkẹ́ ni, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Akínwándé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ń bó ẹ̀gúsí, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Akínwándé jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti Àbọ̀dé àti ti pásítọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"O sì ṣe Àmín?"

"Kí ni ǹ bá ṣe, Màmá? Àdúrà ni wọ́n ń ṣe."

"Ilé wọn ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ìwọ lo wá ń bá ilé ṣe Àmín. Ẹyin lọ̀hùn, Akin, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu ara rẹ lo fi ń so ara rẹ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára. "Ṣé ò ń lọ lónìí? Lóòótọ́?"

"Mò ń lọ, Màmá."

Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ló yọ níbẹ̀, kékeré, aláwọ̀ pupa. Akínwándé mọ̀ ọ́n. Èkejì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò tirẹ̀.

"Ti Olúwakẹ́mi ni. Ọjọ́ tó ń lọ ló fún mi. Ó ní lọ́jọ́ tí o bá múra àtilọ ní tòótọ́, kí n fún ọ, kí o má máa rò ó mọ́."

"Kí ló ní kí n fi ṣe?"

"Kò ní kí o fi ṣe nǹkan kan. Ó kàn ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ wá ṣí níbí."

Akínwándé gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó gbóná láti ara màmá. Gbogbo alẹ́ tó fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ṣì mú kọ́kọ́rọ́ dání, ọ̀ọ́kán ilé rẹ̀ ló wà, nínú kókó aṣọ ìyá arúgbó. Ó dùn ún wọra. Ó dìde.

"Kó ìyókù wọn síbí," ni màmá wí. "Ìṣó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wá mú un, mo máa gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Àlàkẹ́ ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Má wojú mi bẹ́ẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́." Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà. "Mi ò ní ṣàdúrà fún ọ o. Máa lọ."

Ó lọ. Ó fi ìdì kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó màmá, ó fi ti Olúwakẹ́mi sápò àyà, ó gbé báàgì, ó sì rìn dé ojú títì láì wẹ̀yìn. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó ń fọwọ́ kàn án léraléra. Kò sí ohun tó ń dún lára rẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ létí títì bí ọmọ tó sá kúrò nílé-ẹ̀kọ́.

Bọ́ọ̀sì yọ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́. "Mọ́níyà, Ìbàdàn! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ!" Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tí ọkọ̀ mìíràn já láti apá Ìbàdàn, tó sì yà wọ ọ̀nà Òkè-Àpáta. Wọ́n fi okùn so búùtù rẹ̀, torí pé kò lè pa dé. Ẹní ló yọ síta níbẹ̀, aṣọ funfun sì wà nínú ẹní. Ọkọ̀ náà dúró. Ọkùnrin kan bẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Akínwándé! Alhamdulillah! A bá ọ nílé."

Sìrájù ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ti ń gbé Ìbàdàn. Akínwándé ò bèèrè ẹni tó wà nínú ẹní. Bàbá Ṣàmsúdéènì ni, bàbá Sìrájù, àgbà kúárì, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọwọ́ Akínwándé lórí ẹ̀rọ ìlukúta níjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, tó sì fà á lẹ́wù sẹ́yìn níjọ́ tí òkúta yẹ̀ lókè.

"Àfẹ̀mọ́jú yìí ni wọ́n lọ," ni Sìrájù wí. "Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni kí n sin àwọn sí. Lónìí náà sì ni, o mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òkú sùn."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà lọ́dọ̀ Ìyá Àlàkẹ́."

"Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ nìkan, Akin. Ilẹ̀ yẹn."

Akínwándé mọ ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ Òkè-Àpáta ò jìn lọ títí kó tó di òkúta, dígà ò sì ràn án. Àfi kéèyàn mọ ibi tí òkúta ti là, kó fi òòlù àti irin tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Òun àti Bàbá Ṣàmsúdéènì ló jọ gbẹ́ ti ìyá Sìrájù.

"Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ní Fìdítì ńkọ́?"

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ò wá Òkè-Àpáta mọ́." Sìrájù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló kù, Akin?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?" ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ pariwo.

Akínwándé wo inú bọ́ọ̀sì. Àyè kan ṣófo lẹ́bàá fèrèsé. Ó wo ẹní tó yọ síta nínú búùtù, oòrùn sì ń pa á. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó pe Olúwakẹ́mi bó ṣe ń padà lọ mú òòlù.

"Ta ló kú?" Olúwakẹ́mi ti gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

"Bàbá Ṣàmsúdéènì."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Kẹ́mi, tí mo bá tètè parí—"

"Ẹ lọ gbẹ́lẹ̀, Dádì Tóyọ̀sí. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni tó ń kí ará ilé tó ṣọ̀fọ̀. Ì bá sàn kó bú u.

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn sílẹ̀, ó gbẹ́ ẹ. Ó rí ojú ibi tí òkúta ti là, ó fi irin sí i, ó lù ú, ó sún irin, ó tún lù ú. Sìrájù àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ wá ń kó òkúta síta, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì ti bó kó tó jìn dé orúnkún. Ìró òòlù náà lọ bá ihò kúárì, ó padà wá. Ó pẹ́ tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ti dún lábúlé náà, inú Akínwándé sì dùn díẹ̀, Ọlọ́run á foríjì í. Nígbà tí ọ̀gá Mọ́níyà máa pè é, eruku ti bo fóònù, kò gbọ́ ọ. Nígbà tó wá rí i tó sì pè é padà, wọ́n ní ẹlòmíràn ti gba ipò náà.

Àáfà tó bá wọn wá kírun sí òkú lára, wọ́n sì tẹ́ Bàbá Ṣàmsúdéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Akínwándé gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀ padà, Sìrájù sì tilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo ìdì kọ́kọ́rọ́ ló gbé wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Ìyá Àlàkẹ́ nígbà tó fẹ́ ṣílé, gbogbo ìdì náà ló sì gbé fún Akínwándé báyìí, tọwọ́ méjèèjì.

"O ṣe é fún wa, Akin. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa bá ọ nílé láyọ̀."

Akínwándé pa ẹnu dé. Ó gé ètè jẹ. Sìrájù dúró, ó ń retí Àmín, ó wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Akínwándé ò wí nǹkan kan. Wọ́n wọ ọkọ̀, eruku dìde, eruku sì rọlẹ̀. Ó ti ṣe é. Àárẹ̀ mú un, gbogbo ara ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ti borí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ó lè wá ọ̀nà mìíràn. Ó lè lọ lọ́la gan-an.

Fóònù dún. Olúwatóyọ̀sí ni.

"Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́."

"Tóyọ̀sí mi. Mo fẹ́ wá, ṣé o gbọ́? Bàbá kan ló—"

"Mọ́mì ti sọ fún mi. Wọ́n ní kí n má da yín láàmú." Ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. "A ti jẹun. A bu tiyín sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì ti ní kí n jẹ ẹran ibẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ ẹ́."

"Dádì, tá a bá gba họlidé, a máa wá kí yín. Ẹ ṣì máa wà níbẹ̀, àbí?"

Ọmọ náà ò dúró, ó ti gbé ohùn àgbà wọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ló ti dàgbà, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

"Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín nílé láyọ̀ o, Dádì."

"Àmín," ni Akínwándé wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dàárọ̀, ó pa fóònù. Akínwándé dúró lójú ọ̀nà, ó gbọ́ bí Ìyá Àlàkẹ́ ṣe dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ pupa yẹn lápò àyà, ó tú okùn, ó sì so ó mọ́ ti àwọn tó lọ.